Ìkìlọ̀ Pàjáwìrì fún Ará Lomé: Bí Iná Bá Ga Tí Tẹlifíṣọ̀n Kú, Ẹ Má Tíì Fọwọ́ Kàn Án

Ẹ̀yin ará wa ní Lomé, láti Anagokomé dé Adidogomé, láti Bè dé Agoè àti Baguida, ẹ dákun, ẹ fetí sílẹ̀. Bí iná bá ga lójijì nílé yín tí tẹlifíṣọ̀n sì kú, ẹ má tún tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì láti wò ó bóyá yóò jí. Ẹ má tú ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ilé kankan, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ tó, gbé súkúrùdíráfà sún mọ́ ọn. Ìdí mítà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ fi bírékà pa iná gbogbo ilé.

Láti oṣù kẹrin dé oṣù keje ni òjò ńlá ń rọ̀ ní etíkun Tógò, ìgbà òjò kejì sì ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Àsìkò náà ni àrá ń sán, tí igi ń wó lé wáyà, tí iná ń lọ tó tún ń bọ̀ kí oúnjẹ alẹ́ tó jiná. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ ó rí ilé tí wọ́n ti dojú tẹlifíṣọ̀n bolẹ̀ lórí ibùsùn, tí bùrọ̀dá kan ti ń wá ibi tí wáyà ti já nínú rẹ̀.

Wọ́n ń wá àìsàn níbi tí kò sí ni. Tẹlifíṣọ̀n tó kú lẹ́yìn iná gíga, ẹlẹ́rìí ni. Ara iná ni ẹ̀ṣẹ̀ wà. Bí ohun tó pa á bá ṣì wà lórí wáyà, fíríìjì ló kàn. Lẹ́yìn fíríìjì, ó lè kan ènìyàn. Nítorí náà, ẹ yẹ iná wò kí ẹ tó yẹ tẹlifíṣọ̀n wò. Gbogbo ìkìlọ̀ yìí, orí ọ̀rọ̀ kan yẹn ló dúró lé.

IBI TÍ INÁ GÍGA TI Ń WÁ

220 fóltì ni iná tó ń wọ ilé wa ní Tógò. Bí ẹ bá wo ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ tẹlifíṣọ̀n òde òní, ẹ ó rí i pé wọ́n kọ 100–240V sí i. Ó ń fara da iná tó rẹlẹ̀ gan-an. Èyí tó bá ga ré kọjá 240 ni ọ̀tá rẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni ọ̀tá náà sì ń gbà wọlé.

Àrá ni àkọ́kọ́. Kò dìgbà tí àrá bá bọ́ sórí òrùlé yín kó tó ṣọṣẹ́. Bí ó bá sán nítòsí wáyà iná, tàbí nítòsí áńténà tó wà lókè ilé, ó tó láti jó dìkódà àti tẹlifíṣọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó fi rìmóòtù pa tẹlifíṣọ̀n nígbà òjò kò tíì ṣe nǹkan kan, nítorí wáyà ṣì wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, wáyà áńténà náà sì wà níbẹ̀.

Ìkejì ni iná tó ń padà bọ̀. Ọ̀nà jíjìn ni iná Lomé ti ń wá. Láti àwọn ọdún 1970 ni a ti ń gba iná ìsédò Akosombo ní Gánà. Ìsédò Nangbéto lórí odò Mono bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1987. Ní 2007 ni wáyà ńlá tó ti Ìkẹjà lọ sí Sakété ní Benin so wá mọ́ iná Nàìjíríà. Ilé iṣẹ́ amúnáwá ContourGlobal dé sí Lomé ní 2010, ti Kékéli sì tẹ̀ lé e ní 2021. Gáàsì ni wọ́n gbójú lé jù nínú àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá wọ̀nyí, ìdí sì nìyẹn tí gbogbo wa fi mọ délestage, ìyẹn pípa iná ní àdúgbò dé àdúgbò, dáadáa ní ọdún 2024, nígbà tí gáàsì wọ́n. Lílọ iná kò pa tẹlifíṣọ̀n. Bíbọ̀ rẹ̀ ló ń pa á. Fíríìjì, ẹ̀rọ amúlétutù àti mọ́tò omi gbogbo àdúgbò á fẹ́ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, iná á máa ga, á máa rẹlẹ̀, ìgbà míràn á tún lọ kó tó dúró. Ẹ̀rọ tó bá wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn ló ń jẹ gbogbo rẹ̀.

Ìkẹta ló burú jù, òun sì ni àwọn ènìyàn kò mọ̀. Ẹ wo ilé méjì tó dojú kọ ara wọn ní àdúgbò kan ní Nyékonakpoè, lọ́wọ́ alẹ́. Nínú ilé kìíní, gílóòbù ṣàdédé tàn ràn-ìn, ó funfun débi pé ojú kò gbà á. Fáànù ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Tẹlifíṣọ̀n dún pà, òórùn ike tó ń jó sì gba pálọ̀. Nínú ilé kejì, ní ìṣẹ́jú kan náà, iná pọ́n, ó ń ṣe wúyẹ́wúyẹ́, fíríìjì ń kùn láìlè gbéra. Kò sí àrá, kò sì sí délestage. Wáyà nútírà ló já.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Wáyà mẹ́ta lórí òpó ló ń gbé iná bọ̀, àwọn ni à ń pè ní fésì. Nútírà ni ìkẹrin. Òun ló ń dá iná padà, òun ló sì ń jẹ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan gba 220 tirẹ̀, bí ìyá tó ń bu ọbẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀. Bí nútírà bá já, tàbí tí atẹ́gùn oníyọ̀ láti òkun bá jẹ ìdè rẹ̀ títí tí kò fi mú wáyà mọ́, àwọn ilé tó wà lórí fésì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ á wá máa pín 380 fóltì láàárín ara wọn, láìsí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n fún wọn. Ilé tó tan nǹkan díẹ̀ ni 380 náà ń wọ́ lọ bá. Ẹni tó tan gílóòbù kan àti tẹlifíṣọ̀n kan jẹ́jẹ́ rẹ̀ ló sábà máa ń pàdánù jù.

Ewu yìí tún pọ̀ sí i ní àwọn àdúgbò tí wáyà ti ń ti orí mítà kan lọ sí ilé púpọ̀ lórí igi, wáyà aláǹtakùn tí gbogbo wa mọ̀. Wáyà wọ̀nyẹn tín-ín-rín, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi lọ́ wọn pọ̀, ibi tí wọ́n ti lọ́ wọn pọ̀ náà ni òjò àti iyọ̀ òkun ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

ÌDÍ TÍ Ẹ KÒ FI GBỌDỌ̀ TÚ Ẹ̀RỌ NÁÀ

Nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń yí iná ilé padà sí irú èyí tí bátìrì ń gbé jáde. 220 fóltì á di nǹkan bí 311. Ohun kan wà níbẹ̀ tó rí bí agolo kékeré dúdú, kàpásítọ̀ ni wọ́n ń pè é, òun ló ń gba iná náà pamọ́. 400 tàbí 450 fóltì ni wọ́n máa ń kọ sí i lára. Bí 380 bá wọlé, nǹkan bí 537 ló máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orí rẹ̀ fi ń wú, tó sì ń bú nígbà míràn.

Èyí tí kò bú lewu ju èyí tó bú lọ. Bí ẹ bá yọ tẹlifíṣọ̀n kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kàpásítọ̀ kì í tú iná inú rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Pàápàá bí fíúùsì tàbí ohun míràn bá ti jó nínú rẹ̀, iná náà lè wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, nítorí kò rí ọ̀nà jáde. Ó ju 300 fóltì lọ. Ó ń pa ènìyàn. Ẹ má sì gbójú lé disjoncteur différentiel tó wà lára ògiri, èyí tó ń já iná bí ènìyàn bá fọwọ́ kan wáyà. Ó wúlò púpọ̀, àmọ́ kò mọ nǹkan kan nípa iná tó ti wà nínú kàpásítọ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ẹ̀rọ kúrò lára ògiri.

Àwọn tó ṣì ní tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá àtijọ́, ẹ tilẹ̀ jìnnà sí tiyín pátápátá. Iná inú páálí dígí rẹ̀ lè ju 20,000 fóltì lọ, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti pa á.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọlọ́gbọ́n àdúgbò ń ṣe, tó ti yẹ kó dópin. Wọ́n á rí i pé fíúùsì ti já, wọ́n á wá fi wáyà tàbí bébà dídán inú páálí sìgá so ó pọ̀. Tẹlifíṣọ̀n lè tàn. Ṣùgbọ́n fíúùsì kò já lásán. Ìlẹ̀kẹ̀ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, varistor ni orúkọ rẹ̀. Bí iná bá ti ga jù, òun ló ń gba iná náà sára, tí á sì jẹ́ kí fíúùsì já kí ewu má bàa wọ inú lọ. Ẹni tó fi wáyà rọ́pò fíúùsì ti mú ilẹ̀kùn kúrò lára ilé. Nígbà míràn tí iná bá ga, kò sí ohun tí yóò já mọ́, àfi kí nǹkan jó. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

OHUN TÍ Ẹ LÈ YẸ̀ WÒ FÚNRA YÍN LÁÌTÚ Ẹ̀RỌ

Bí tẹlifíṣọ̀n yín bá ti dún pà, tó rú èéfín, tàbí tó ń rùn, ẹ fò gbogbo abala yìí kọjá. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ló ń lọ. Bí kò bá ṣe èyíkéyìí nínú wọn, ẹ tẹ̀ lé e báyìí, kí ẹ má fo ọ̀kan.

1. Ẹ bi aládùúgbò. Bí ohun èlò ilé méjì mẹ́ta bá bàjẹ́ ní àkókò kan náà, tàbí tí iná ilé kan ń tàn jù tí ti èkejì ń pọ́n, orí òpó ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ fi iná ilé sílẹ̀ ní pípa, ẹ pe CEET, ilé iṣẹ́ iná, kí ẹnikẹ́ni má gun òpó. Àmì nútírà míràn nìyí: bí ẹ bá tan áyọ́ọ̀nù tí gílóòbù yàrá kejì wá tàn sí i dípò kó rẹlẹ̀, ẹ pa gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

2. Ẹ yọ gbogbo ohun èlò kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí oníṣẹ́ iná wá fi ẹ̀rọ wọn fóltì. Bí ó bá wà láàárín nǹkan bí 200 sí 240, tí kò sì ń jó lọ jó bọ̀, ẹ lè máa bá ìyẹ̀wò lọ.

3. Ẹ wo ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì àti adáptọ̀. Ṣé ó dúdú? Ṣé ó yọ́? Púpọ̀ nínú wa ra tẹlifíṣọ̀n ní Èkó, ẹnu onígun mẹ́rin mẹ́ta ni púlọ́ọ̀gì rẹ̀, a sì ń fi adáptọ̀ olówó pọ́ọ́kú tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú róbótó ti Lomé. Adáptọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń mì, á máa ta páro-páro, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò sì so wáyà ilẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Ẹ fi gílóòbù tábìlì dán sọ́kẹ́ẹ̀tì náà wò kí ẹ tó dá tẹlifíṣọ̀n lẹ́bi.

4. Púlọ́ọ̀gì Èkó yìí kan náà ní fíúùsì tirẹ̀ nínú, èyí tí púlọ́ọ̀gì Lomé kò ní. Nígbà míràn, òun nìkan ló já. Nọ́ńbà kan náà ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀: 3 ní ipò 3, 5 ní ipò 5. Ẹ má fi 13 sí ipò 3.

5. Tẹlifíṣọ̀n kékeré míràn ń lo ṣájà tó dá dúró, bíi ti kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ wọn ṣájà náà. Ó lè jẹ́ òun nìkan ló jó. Èyí tí ẹ bá rà gbọ́dọ̀ ní fóltì kan náà gẹ́lẹ́, 12 sí 12, 19 sí 19; ampere rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́.

6. Ẹ yọ dìkódà, áńténà, wáyà HDMI àti fíláàṣì kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Ẹ fi í sílẹ̀ láìsí lára iná fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì tó wà lára òun fúnra rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá. Lẹ́yìn náà, ẹ ti òun nìkan bọ iná lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹni kan dúró sí ìdí bírékà.

Ẹ wá ka ohun tí ó ń sọ. Bí iná pupa iwájú rẹ̀ kò bá tàn rárá, ẹ̀ka tó ń gba iná wọlé ló ṣeé ṣe kó jó. Èyí sábà máa ń ṣeé tún ṣe. Bí iná pupa bá ń ṣẹ́jú, tàbí tí ẹ ń gbọ́ tí-tí-tí nínú rẹ̀, ó ń gbìyànjú láti dìde, nǹkan kan sì ń fà á lulẹ̀: ẹ yọ ọ́ kíákíá. Bí ohùn bá ń jáde tí ojú rẹ̀ sì dúdú, ẹ pa iná yàrá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sójú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá rí àwòrán fírífírí lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ náà, iná ẹ̀yìn àwòrán ló kú. Bí àwòrán tirẹ̀ bá dára àmọ́ tí kò gba dìkódà, ó lè jẹ́ ojú HDMI tàbí dìkódà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn àrá, èyí wọ́pọ̀. Bí ilà gbọọrọ bá gba ojú rẹ̀, ó lè jẹ́ páǹẹ́ẹ̀lì, èyí tó wọ́n jù nínú gbogbo wọn.

NÍ ÌSỌ̀ ONÍṢẸ́

Ní Dékon àti káàkiri Lomé, àwọn oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ wọn dunjú wà. Ẹ dúró wo bí oníṣẹ́ ṣe ń tú ẹ̀rọ yín. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: á kọ́kọ́ wọn kàpásítọ̀, á sì fi gílóòbù tàbí resistor tú iná inú rẹ̀ dànù ní pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá gbé ẹnu súkúrùdíráfà lé e tí ó ta páà, tó wá ń rẹ́rìn-ín, ẹ gbé ẹrù yín kúrò níwájú rẹ̀.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹni tó mọṣẹ́ kì í ti ẹ̀rọ náà bọ iná tààrà. Á kọ́kọ́ jẹ́ kí iná gba inú gílóòbù ńlá kan kọjá kó tó dé inú tẹlifíṣọ̀n. Bí gílóòbù náà bá tàn fòò tó sì dúró bẹ́ẹ̀, nǹkan kan ṣì so pọ̀ níbi tí kò yẹ. Bí ó bá tàn díẹ̀ tó sì rẹlẹ̀, ara ti ń yá. Ẹ ní kí ó fi èyí hàn yín.

Ẹ béèrè iye owó àyẹ̀wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba ohun tó jó padà lọ́wọ́ rẹ̀: varistor tó dúdú, kàpásítọ̀ tí orí rẹ̀ wú, fíúùsì tó já. Bí ó bá ní kí ẹ ra bọ́ọ̀dù míràn, nọ́ńbà tó wà lára bọ́ọ̀dù tuntun gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu; ìrísí nìkan kò tó. Bí ó bá sì jẹ́ páǹẹ́ẹ̀lì ló kú, ẹ bi í léèrè iye tí tuntun ń lọ kí ẹ tó tọ́wọ́ bọ àpò.

BÍ Ẹ Ó BÁ FẸ̀SÙN KÀN

Bí iná òpó ló ba ohun èlò yín jẹ́, ẹ má ju ohun tó jó nù. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ àwọn ilé tí ọ̀rọ̀ náà kàn, ẹ tọ́jú rìsíìtì tí ẹ fi rà á àti ìwé tí oníṣẹ́ kọ. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì CEET tó wà ládùúgbò yín, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà sórí ẹ̀dà tiyín. Bí ẹ kò bá rí ìdáhùn, ARSE, àjọ tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 2000 láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ iná ní Tógò, wà fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà tí ilé mẹ́fà fọwọ́ sí pa pọ̀ wúwo ju ariwo ẹnì kan lọ.

KÍ Ó MÁ BÀA ṢẸLẸ̀ MỌ́

Bí òjò bá ṣú, ẹ yọ wáyà iná àti wáyà áńténà. Bí iná bá lọ, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Bí ó bá dé, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó tì í padà. Ẹ má gbà pé wáyà ẹlẹ́nu-púpọ̀ tí wọ́n ń tà lójú títì ń dáàbò bo nǹkan kan. Kódà èyí tó jẹ́ ojúlówó, àrá ló ń bá jà. Bí nútírà bá já, òun gan-an lè jó. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún ti nútírà ni ẹ̀rọ kékeré tó ń já iná fúnra rẹ̀ bí ó bá ga jù tàbí tó rẹlẹ̀ jù, tó sì ń dúró díẹ̀ kó tó dá a padà. Ó wà fún tẹlifíṣọ̀n nìkan, ó sì wà fún gbogbo ilé, èyí tí oníṣẹ́ iná máa ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ bírékà.

BÍ Ó BÁ TI BURÚ

Bí tẹlifíṣọ̀n bá ń jó, ẹ pa iná ilé ní ìdí mítà, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ pa ilẹ̀kùn yàrá náà dé. Ẹ má da omi sí i. Bí iná bá gbá ènìyàn mú, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá, ì báà ṣe ọmọ yín. Ẹ pa iná, bí kò bá sì ṣeé pa, igi gbígbẹ tàbí ike ni kí ẹ fi tì í kúrò. Ẹ pe àwọn panápaná ní 118.

Nírọ̀lẹ́ òní, kí iná tó tún ṣe nǹkan kan, kí olórí ilé kọ̀ọ̀kan mú ìyàwó, ọmọ àti ọmọ ọ̀dọ̀ lọ sí ìdí bírékà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ pa níkọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀, kí ó sì kọ 118 gàdàgbà sára ògiri níbẹ̀. Àwọn tó ń gbé àgbàlá kan náà, ẹ fi han àyálégbé gbogbo, Ewé ni o, Mina ni o, Kọtọkoli ni o. Iná tó bá wọ yàrá kan kò ní béèrè èdè kó tó wọ ìkejì.